Níbo Ni Martensite Wà Lórí Àwòrán Yìí?

Ní ọdún kẹta wa, lọ́jọ́ tí a ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nínú láàbù, ọ̀gá wa gbé irin méjì sílẹ̀ níwájú wa. Ara ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé méjèèjì: sítíìlì tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.8 nínú 100. Inú ìléru kan náà ni méjèèjì ti gbóná dé 850 dígírì, fún àkókò kan náà. Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìléru kí ó máa tutù díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èkejì, wọ́n jù ú sínú garawa omi, ó dún ṣààà.

Nígbà tí méjèèjì tutù tán, a fi fáìlì yún wọn. Fáìlì jẹ ti àkọ́kọ́ wẹ́rẹ́. Lórí èkejì, fáìlì kàn ń yọ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná yún gíláàsì. A fi òòlù lu èkejì yìí, ó dá sí méjì. Nígbà náà ni ọ̀gá wa na àwòrán irin àti kábọ́ọ̀nù sí ara ògiri, èyí tí gbogbo wa ti há sórí fún ìdánwò, wọ́n ní: “Ẹ fi ìka hàn mí ibi tí irin kọ̀ọ̀kan wà lórí àwòrán yìí.”

Ojú kan náà ni. Kábọ́ọ̀nù kan náà, ìgbóná kan náà, èyí tí í ṣe ìgbóná yàrá tí a wà. Ìka wa kò rí ibòmíràn gbà lọ. Wọ́n tún bi wá pé: “Martensite tó mú kí èkejì le tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Níbo ló wà?” Olúkúlùkù ń na ìka síbí, ó ń na ìka sọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, ìtàn ló sì padà bá mi dáhùn rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ máa tó wọ kíláàsì yẹn, àti fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti kó ìtìjú bá rí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí àwọn ìwé wa ń pè ní phase ni èmi yóò máa pè ní ipò. Ẹ wo ìgò epo pupa nígbà ọyẹ́. Apá kan á dì sí ìsàlẹ̀, apá kejì á ṣì máa ṣàn lókè. Epo kan náà ni, inú ìgò kan náà ni, ṣùgbọ́n ipò méjì ló wà níbẹ̀, ojú sì ń rí ààlà tó wà láàárín wọn. Bí oòrùn bá mú, ipò kan á jẹ èkejì tán. Irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé ipò kan nínú irin lè di òmíràn láìjẹ́ pé irin náà yọ́. Irin tí kò ní àdàlù kankan máa ń to átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́nà kan títí dé 912 dígírì. Bó bá kọjá ibẹ̀, á tún wọn tò lọ́nà mìíràn. Ní 1394, á padà sí ètò ti àkọ́kọ́. Ìgbà tó bá dé 1538 ló tó yọ́. Máàpù ni àwòrán ipò jẹ́: ó ń sọ fún wa pé, pẹ̀lú ìwọ̀n àdàlù báyìí àti ìgbóná báyìí, ipò wo ni ohun náà máa fìdí kalẹ̀ sí.

Kí máàpù yẹn tó wà, àwọn ènìyàn ti ń rìn lórí ilẹ̀ náà láìrí ojú ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 1863 ní ìlú Sheffield, Henry Clifton Sorby dán ojú sítíìlì títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ó fi ásíìdì pa á lára, ó sì fi microscope wò ó. Ohun tó rí kì í ṣe ojú kan ṣoṣo: onírúurú nǹkan ló wà nínú irin, tí wọ́n so kọ́ra bí aṣọ híhun. Ní ọdún 1868, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Dmitry Chernov ń wá ìdí tí àwọn ìbọn ńlá tí ilé iṣẹ́ wọn ń rọ fi ń fọ́. Kábọ́ọ̀nù inú èyí tó fọ́ àti èyí tí kò fọ́ kò yàtọ̀. Ojú ló fi ń wo àwọ̀ irin gbígbóná, ohun tó sì rí ni pé ìwọ̀n ìgbóná kan wà tó jẹ́ pé bí irin kò bá dé ibẹ̀, bó ti wù kí a yára rì í bọ omi, kò ní le. Ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ: a. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú irin ní ojú àmì yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ òfin tó dè é.

Ẹni tó rí òfin náà kò rọ irin rí. Josiah Willard Gibbs ni orúkọ rẹ̀, ọmọ New Haven ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 1839. Nígbà tí Yunifásítì Yale fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1871, wọn kò san owó oṣù fún un. Ogún bàbá rẹ̀ ló ń jẹ fún bí ọdún mẹ́sàn-án, títí yunifásítì mìíràn fi fẹ́ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, kí Yale tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Láàárín àkókò àìlówó yẹn ló kọ iṣẹ́ tó tó 300 ojú ìwé lórí bí oríṣiríṣi ipò ṣe ń wà pọ̀ láìsí pé ọ̀kan ń lé èkejì. Ó jáde ní abala méjì, ní ọdún 1876 àti 1878, nínú ìwé ẹgbẹ́ onímọ̀ Connecticut, ìwé tí ìwọ̀nba ènìyàn ń kà.

Ìṣirò inú rẹ̀ le. Ẹni tó tètè mọ iyì Gibbs ni James Clerk Maxwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ka iṣẹ́ tí Gibbs kọ ní 1873, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ère kan tó ń fi ìṣirò náà hàn, ó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Gibbs ní Yale. Ṣùgbọ́n Maxwell kú ní ọdún 1879, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń polówó ọjà náà bíi tirẹ̀. Ọdún 1892 ni Wilhelm Ostwald tó túmọ̀ iṣẹ́ náà sí èdè Jámánì. Ọdún 1899 ni Henry Le Chatelier gbé apá kan rẹ̀ jáde ní èdè Faransé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Gibbs kú.

Ẹ wo òfin tó wà nínú iṣẹ́ náà: ka iye èròjà, yọ iye ipò kúrò, fi 2 kún un. Ohun tó bá kù ni iye òmìnira tí o ní, ìyẹn iye nǹkan tí o lè yí padà láìjẹ́ kí ipò kankan parẹ́. Bí a bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, tí ìfúnpá kò yí padà, 1 ni a ó fi kún un dípò 2. Ẹ gbé e lé irin àti kábọ́ọ̀nù ní 727 dígírì, níbi tí ipò mẹ́ta ti pàdé: èròjà méjì, yọ ipò mẹ́ta, fi 1 kún un. Ó ku òdo. Kò sí òmìnira kankan. Bí irin bá ń tutù tó dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ tutù síwájú sí i títí ọ̀kan nínú àwọn ipò náà yóò fi tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya ìlà ìtutù nínú láàbù, tí ẹ rí i tí ìlà náà kàn dúró gbọnrangandan tí ẹ rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, òfin Gibbs lẹ rí yẹn.

Van der Waals ló sọ fún ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Bakhuis Roozeboom, pé ohun kan wà nínú ìwé Gibbs tó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Roozeboom gbá a mú, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ lò ó. Lákòókò kan náà, àwọn tó ń di irin mú gan-an ti rí irinṣẹ́ tuntun: thermocouple, tó lè wọn ìgbóná inú ìléru láìjẹ́ pé ojú ń méfò àwọ̀. Floris Osmond lò ó ní ilẹ̀ Faransé láti rí àwọn àmì tí Chernov ti fi ojú rí. Osmond yìí náà ló sọ ohun líle inú sítíìlì tí a rì bọ omi ní martensite, láti fi yẹ́ Adolf Martens ní Jámánì sí. Ní London, William Roberts-Austen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ìjọba, gbé àwòrán irin àti kábọ́ọ̀nù jáde ní 1897, ó sì tún un ṣe ní 1899. Ní ọdún 1900, Roozeboom gbé òfin Gibbs lé àwòrán náà, ó rí ibi tí ìlà kan kò ti bófin mu, ó tún un fà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó fà ló dúró títí dòní, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá fa ìlà gbọ́dọ̀ fi hàn pé Gibbs gbà á láyè.

Ibì kan wà tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn ní Èkó, gbé àròkọ kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí Roberts-Austen fúnra rẹ̀ ti ṣe ààrẹ rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń yọ irin láti ara òkúta ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, èyí tó kọ sílẹ̀ bíi Ola Igbi. F. W. Harbord, onímọ̀ irin ní London, sì yẹ ohun tí wọ́n kó dé wò. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé ọdún díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà tán ni ìdàrọ́ àti irin ilẹ̀ wa dé iwájú wọn. Àwọn tó rọ ọ́ kò ní àwòrán. Ohun tí wọ́n ní ni iná, ojú àti sùúrù. Bí a ó ti rí i, sùúrù gan-an ni ohun tí àwòrán náà kò ní.

Àwòrán náà ń sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Kò sọ ìgbà tí yóò dé, kò sì sọ bí ipò tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tó ń ka èyí ti rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú fírísà. O gbé omi inú ike jáde, ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣì ń ṣàn. O gbá a mọ́ tábìlì, yìnyín sì bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú rẹ. Fahrenheit, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n ìgbóná, kọ nípa irú omi bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1724. Lórí máàpù, yìnyín ló yẹ kí omi yẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì di yìnyín.

Kí ló fà á? Gibbs ti fi èsì rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ipò tuntun kì í bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ bí èso kékeré kan, èso náà sì gbọ́dọ̀ ní ojú tó fi pààlà pẹ̀lú ipò àtijọ́. Ojú yẹn ń náni lágbára. Ẹ fi wé ẹni tó lọ ra agbọ̀n tòmátì kan ṣoṣo ní òkè ọya láti wá tà á ní Ìbàdàn: owó ọkọ̀ á jẹ èrè rẹ̀ tán, á sì jẹ gbèsè. Ẹni tó kó ọkọ̀ kún ló ń jèrè. Bẹ́ẹ̀ ni èso ipò tuntun: gbèsè ojú rẹ̀ ń pọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ ojú náà, èrè rẹ̀ ń pọ̀ pẹ̀lú títóbi inú rẹ̀. Èso tó kéré ju ìwọ̀n kan lọ á tún yọ́ padà. Èyí tó bá kọjá ìwọ̀n náà nìkan ló ń dàgbà. Ó di ọdún 1926 kí Max Volmer àti Weber tó fi èyí ṣírò bí irú èso bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń yára yọ tó.

Ṣáájú ìgbà náà, ìyàlẹ́nu kan ti ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú Berlin. Ní 1906, Alfred Wilm ń wá alumíníọ̀mù tó máa le. Ó da bàbà àti magnesium díẹ̀ mọ́ ọn, ó mú un gbóná, ó rì í bọ omi bí ẹní ń ṣe sítíìlì. Kò le. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọn líle rẹ̀, wọ́n lọ sílé, wọ́n sì padà dé lọ́jọ́ Ajé láti tún un wọ̀n. Ó ti le sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àkókò nìkan ló ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Duralumin ti jáde, èyí tí wọ́n fi ṣe egungun àwọn ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni títí di ọdún 1919, nígbà tí Merica àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington wo àwòrán ipò alumíníọ̀mù àti bàbà dáadáa. Ní 548 dígírì, alumíníọ̀mù lè gba bàbà tó lé ní ìdá 5 nínú 100 mọ́ra, bí tíì gbígbóná ṣe ń gba ṣúgà. Bó bá tutù, kò lè gba ju díẹ̀ bíńtín lọ. Bí a bá rì í bọ omi, bàbà á há sínú rẹ̀ láìrí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, yóò máa kó ara jọ sí èso kéékèèké, àwọn wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí mẹ́táàlì náà tẹ̀ bọ̀rọ̀. Èso náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí microscope ìgbà yẹn kò rí wọn. Ọdún 1938 ni André Guinier ní Paris àti George Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi ìtànṣán X rí àmì wọn. Àwòrán sọ ibi tí bàbà ń lọ. Ohun tó wúlò fún wa ni pé bàbà kò tíì débẹ̀.

Kò sí ẹni tó ya máàpù àkókò gan-an fún sítíìlì títí di 1930, nígbà tí Edgar Bain àti Davenport ṣe é ní Amẹ́ríkà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gé sítíìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì sọ ọ́ sínú mẹ́táàlì yíyọ́ tí ìgbóná rẹ̀ kò yí padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n á yọ ọ̀kan, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á wo inú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní ìgbóná mìíràn, àti òmíràn. Nígbà tí wọ́n fa ìlà náà tán, ó rí bíi lẹ́tà C. Ní kété lábẹ́ 727, irin kò kánjú, torí èrè tó wà nínú ìyípadà ṣì kéré, èso kò sì fẹ́ yọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, èrè pọ̀, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù kò lè rìn mọ́. Láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí 550 dígírì, sítíìlì bíi tiwa lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí láàbù. Irin tó sùn nínú ìléru ní àyè tó pọ̀. Ó kọjá 727 jẹ́jẹ́, kábọ́ọ̀nù rìn lọ síbi tó yẹ, irin tó rọ̀ àti cementite tó le sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìpele-ìpele. Ó dé ibi tí àwòrán ní kó dé. Èyí tó bọ́ sínú omi sáré kọjá etí C yẹn kí èso kankan tó yọ. Nígbà tó dé nǹkan bí 220 dígírì, kò sí àyè mọ́ fún kábọ́ọ̀nù láti rìn. Irin náà yí ètò átọ́ọ̀mù rẹ̀ padà lójijì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù tó há sínú rẹ̀. Martensite nìyẹn. Kò sí lórí àwòrán, nítorí pé àwòrán kò ń ka ohun tó dúró sí agbede ọ̀nà. Àwọn tó bófin mu nìkan, tí wọ́n ti dé ilé, ló ń kà.

Ìdí sì nìyí tí alágbẹ̀dẹ tó bá ri ẹnu irinṣẹ́ gbígbóná bọ omi fi máa ń tún un yá iná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà fọ́ bíi tiwa. Ó ń fún kábọ́ọ̀nù tó há ní àyè láti rìn díẹ̀ sí ilé, kó má sì dé ilé tán.

Tí mo bá padà sí kíláàsì yẹn lónìí, mo mọ èsì tí mo máa fún ọ̀gá wa. Màá ka ọwọ́ mi kúrò lórí ògiri, màá ní: “Kò sí níbẹ̀, sà. Ẹ fún wa ní àwòrán tó ní aago.” Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ́lé, tí a ń wọ̀, tí a ń fò nínú rẹ̀, ohun tí kò tíì dé ibi tí àwòrán ní kó dé ni. Àbúrò mi tó ń há àwòrán yẹn sórí lálẹ́ òní, há a sórí dáadáa, ó máa jáde nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé irin méjì tó wà lójú kan náà síwájú rẹ, béèrè bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe rìn dé ibẹ̀.